Báwo ni kí a ṣe tọ́ bíà Bẹ́ljíọ̀m tí ó le wò? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Sùúrùlérè:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ìgò bíà méjì ni ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní ìlú Brussels fi rán ẹnì kan sí mi. Èkíní ni Duvel, ìgò kékeré 33 cl, tí agbára ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì ni Chimay Grande Réserve, ìgò 75 cl tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì dí, tí wọ́n sì fi wáyà de kọ́ọ̀kì náà mọ́ ọrùn ìgò. Ìdá 9 ni agbára tirẹ̀. Àwa márùn-ún ni a fẹ́ jọ tọ́ wọn wò ní ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Bíà tútù tí a máa ń mu lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ni gbogbo wa mọ̀, n kò sì fẹ́ kí a da èyí sọ́fun bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kí ó tó di pé a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Báwo ni kí ó ṣe tutù tó? Gíláàsì wo ni ó yẹ, oúnjẹ wo ni a sì lè fi sí i? Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo gbé wọn sí báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n Èbúté-Mẹ́ta:

Àbúrò, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìgò wọ̀nyẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibi tí ó ṣókùnkùn tí ó sì tutù ni kí ẹ gbé wọn sí, kí wọ́n sì dúró lóòró títí di ọjọ́ Sátidé, kí ẹ má ṣe dá wọn dùbúlẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe sí wáìnì.

Ní ti òtútù, ibẹ̀ ni àwa ará Èkó ti máa ń ba irú ọtí yìí jẹ́. Ooru ìlú wa ti mú kí a gbà pé bíà tí kò bá ta eyín kì í ṣe bíà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí fún Star àti Trophy, nítorí pé òùngbẹ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ṣùgbọ́n òtútù púpọ̀ a máa pa òórùn, a sì máa mú kí ahọ́n kú tipiri, bẹ́ẹ̀ òórùn gan-an ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ fẹ́ tọ́ wò. Àwọn tí ó ń pọn Chimay fúnra wọn sọ pé kí aláwọ̀ búlúù wọn, tí Grande Réserve jẹ́ ìgò ńlá rẹ̀, wà láàárín ìwọ̀n 10 sí 12 lórí Celsius. Fíríìjì tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa a máa wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 4. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé Chimay jáde, ẹ jẹ́ kí ó dúró lórí tábìlì fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó ṣí i, àyàfi bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, nígbà náà ẹ lè fi díẹ̀ kún un. Duvel lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó o.

Bí wọ́n bá mú iná lọ lọ́sàn-án, ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi fíríìjì sílẹ̀ ní títì, tàbí kí ẹ gbé ìgò sínú korobá omi tí ẹ ti sọ yìnyín díẹ̀ sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé yín, fíríìjì tí kò tutù tó kò ní ba àríyá jẹ́.

Atọ́wò Ìsàlẹ̀ Èkó:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ìdí tí ìgò fi gbọ́dọ̀ dúró lóòró ni pé ìwúkàrà ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń rọ irú ọtí báyìí sínú ìgò, wọn a tún fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà tuntun sí i, wọn a sì gbé e sínú yàrá tí ó móoru kí ìwúkàrà náà lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Duvel a máa lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibi tútù. Iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ó ń mú kí ó hó tó bẹ́ẹ̀, òun náà ni ó sì ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ ní ìdí ìgò. Ọtí tí ó ti inú bàálù bọ́ sínú ọkọ̀ láti Ìkẹjà dé Sùúrùlérè ti mì jìgìjìgì. Bí ẹ bá ṣí i kí ó tó sinmi, ẹ ó nu tábìlì.

Ohun tí yóò kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu ni pé agbára rẹ̀ kò hàn lẹ́nu. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m a máa fi ṣúgà kún omi máàtì, ìyẹn ọkà bálì tí wọ́n mú hù tí wọ́n sì yan gbẹ, nígbà tí wọ́n bá ń sè é, ìwúkàrà a sì jẹ ṣúgà yìí tán pátápátá, tí kò ní fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ ju agbára ọtí àti gáàsì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé máàtì nìkan ni wọ́n fi dé ìwọ̀n agbára yẹn ni, ọtí náà ì bá nípọn, ì bá sì dùn jù. Nítorí náà ni Duvel fi mọ́ kedere, tí ó gbẹ lẹ́nu, tí ó sì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ènìyàn kò fi ní mọ̀ títí ó fi máa dìde lórí àga.

Ní ti òórùn, ẹ ó gbọ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti kànáfùrù, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó fi èyíkéyìí nínú wọn sí i. Ìwúkàrà wọn ni ó ń ṣe é nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ooru tí ó ju ti bíà lásán lọ. Nínú Chimay, ẹ ó tún bá òórùn dàbínù, ti èso àjàrà gbígbẹ, àti ti ṣúgà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jóná díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ó fẹ́ràn Guinness lè máa retí kíkorò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí i pé ó dúdú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkà tí wọ́n yan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di èédú ni ó ń fún Guinness ní àwọ̀ àti kíkorò rẹ̀. Ti Chimay kò dé orí iná bẹ́ẹ̀, àwọ̀ igi ni ó ní, kì í ṣe àwọ̀ èédú.

Olólùfẹ́ Súyà:

Ẹ má bínú, ṣé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ẹ ń sọ yìí kò léwu? Oúnjẹ kò sì tún ní ìjíròrò nínú: súyà Ọbáléndé ni. Kí ni ẹ tún ń wá kiri?

Atọ́wò Ìsàlẹ̀ Èkó:

Kò léwu rárá. Ìwúkàrà lásán ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí inú rẹ̀ kò gba nǹkan lè rí i pé ó ń ru òun nínú sókè bí ó bá mu púpọ̀. Yóò mú kí ọtí ṣú, yóò sì fi adùn búrẹ́dì kún un. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, èmi kò fẹ́ ẹ nínú Duvel, nítorí mímọ́ rẹ̀ ni mo ń bá lọ sí ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ṣe pàtàkì fún yín ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí pé ẹ̀yin márùn-ún ni ẹ fẹ́ pín ìgò kan. Bí ènìyàn bá rọ ti ẹni àkọ́kọ́, tí ó gbé ìgò nàró, tí ó tún tẹ̀ ẹ́ láti rọ ti ẹnì kejì, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti dìde nìyẹn, ẹni tí ó kàn kẹ́yìn yóò sì mu omi ẹrẹ̀. Ẹ to gíláàsì márààrún sí ẹgbẹ́ ara wọn, kí wọ́n fara kan ara wọn. Kí ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n tẹ ìgò díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa lọ láti gíláàsì kan sí òmíràn láìgbé ìgò nàró rárá, kí ó rọ díẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì padà wá nígbà tí ìfófó bá ti rọlẹ̀. Bí ó bá ku nǹkan bí ìka kan ní ìdí ìgò, kí ó dúró. Ẹ rọ èyí tí ó kù sínú ife kékeré kan, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí lè tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá ní jọ́ọ̀gì onígíláàsì tí ó mọ́, ẹ lè kọ́kọ́ rọ gbogbo rẹ̀ sínú ìyẹn. Ìfófó yóò dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo yín yóò mu ohun kan náà.

Kọ́ọ̀kì Chimay kò ju sùúrù lọ. Ẹ tú wáyà, kí ẹ fi ọwọ́ kan di kọ́ọ̀kì mú ṣinṣin, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì yí ìdí ìgò, kì í ṣe kọ́ọ̀kì. Ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí ènìyàn tàbí sí gílóòbù.

Ìyá Alásè Yábàá:

Ẹ jẹ́ kí n dá Olólùfẹ́ Súyà lóhùn lórí oúnjẹ, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ọtí líle àti ata a máa ta ibì kan náà ní ẹnu. Bí ẹ bá fi yájì tí ó pọ̀ sí súyà, tí ẹ wá gbé bíà ìdá 9 lé e, iná ni ẹ ó tọ́ wò, ẹ kò ní tọ́ ọtí wò. N kò lòdì sí súyà. Ẹ sọ fún mọ̀là pé kí ó fi ata tirẹ̀ sínú bébà lọ́tọ̀, kí ẹ sì jẹ ẹran àti àlùbọ́sà nìkan pẹ̀lú Duvel. Ẹ̀pà tí ó wà lára ẹran náà bá a mu.

Ohun tí èmi ó gbé sórí tábìlì ni wàrà. Ní Bẹ́ljíọ̀m, àwọn mọ́ńkì tí ó ni Chimay, ìyẹn àwọn ọkùnrin ìjọ Kátólíìkì tí ó ń gbé pọ̀ nínú ilé àdúrà, a máa ṣe wàràkàṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíà wọn, àwọn méjèèjì a sì máa bá ara wọn jókòó lórí tábìlì. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà fún wa kò ní iyọ̀ tó tiwọn, nítorí náà ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì dín in títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi pọ́n tí yóò sì máa ró láàárín eyín. Ẹ máa jẹ ẹ́ nígbà tí ó bá ṣì gbóná, kí ẹ sì mu Duvel tẹ̀ lé e: hóhó rẹ̀ yóò fọ òróró kúrò lẹ́nu, ìkórò rẹ̀ yóò sì wá bá iyọ̀ náà.

Fún Chimay, dòdò. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú, tí ẹ bá dín in kí etí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ní irú adùn ṣúgà jíjóná tí Atọ́wò sọ pé ó wà nínú ọtí náà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹran sí i, ẹran màlúù tí ẹ sè títí ó fi rọ̀, tí omi rẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn lára, ni kí ẹ lò. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m tilẹ̀ máa ń fi bíà dúdú se ẹran màlúù pẹ̀lú àlùbọ́sà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ìgò kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹ má sè é.

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kàn, ìyẹn ni fífọ gíláàsì. Kò sí ohun tí ó ń pa ìfófó bí òróró àti ọṣẹ. Bí ẹ bá fi kànrìnkàn tí a fi fọ ìkòkò ọbẹ̀ fọ gíláàsì, òróró pupa tí ojú kò rí ti wà lára rẹ̀. Ẹ lo kànrìnkàn tuntun, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sì da ojú rẹ̀ dé kí ó gbẹ fúnra rẹ̀ láìfi aṣọ nù ún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ́, ẹ bomi sí i, kí ẹ sì dà á nù. Bí omi bá fi awẹ́lẹ́ kan bo gbogbo inú gíláàsì náà láìlà síbì kankan, ó mọ́. Bí ó bá di ẹ̀kán kékeré káàkiri, ẹ padà fọ̀ ọ́. Lójú ọtí náà fúnra rẹ̀, ẹ ó tún rí i pé nínú gíláàsì tí kò mọ́, èéhó kéékèèké a máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn kì í gòkè.

Gíláàsì wáìnì tí ikùn rẹ̀ tóbi, tí ẹnu rẹ̀ sì kó wọlé díẹ̀, ti tó. Ife oníke kò wúlò fún èyí.

Nọ́ọ̀sì Múṣín:

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa ṣírò. Ìgò ńlá tí a ń mu níbí jẹ́ 60 cl, agbára rẹ̀ sì tó ìdá 5. Ojúlówó ọtí tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 3 cl. Duvel kékeré yẹn ní 2.8 cl, ìyẹn ni pé ẹni tí ó bá dá a mu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ìgò ńlá kan tán. Chimay 75 cl ní 6.75 cl, ó ju ìgò ńlá méjì lọ. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, tí ẹ sì pín in sí márùn-ún, kálukú yóò gba nǹkan bí 1.9 cl, tí kò tó ohun tí ó wà nínú ìgò ńlá kan. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí ẹni tí yóò tún lọ ra Star lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí omi mímu sì wà lórí tábìlì. Aboyún kò sí nínú èyí, ẹni tí ó ń lo Flagyl lọ́wọ́ náà kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Erékùṣù wá, kí ó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Afárá Third Mainland kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń wò bóyá ọtí ti dá lójú.

Ọmọ Sùúrùlérè:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ pé irú Chimay yìí a máa dára sí i bí ó bá ti ń pẹ́, pé kí a tọ́jú rẹ̀ di Kérésìmesì. Èkejì, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ mi?

Atọ́wò Ìsàlẹ̀ Èkó:

Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni, níbi tí òtútù kò ti ń yí padà tọ̀sán-tòru. Nínú ooru Èkó, pẹ̀lú iná tí ó ń wá tí ó ń lọ, ohun tí ó yẹ kí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún yóò ṣẹlẹ̀ ní oṣù díẹ̀, kò sì ní ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ẹ mu ún ní Sátidé.

Bí afẹ́fẹ́ àti ooru bá ti ba bíà jẹ́, òórùn páálí tí omi rẹ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ni ó bà á jẹ́, òórùn náà yóò sún mọ́ èyí tí a fi ń mọ̀ pé gáàsì ìdáná ń jò. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ṣe é sí ohun tí ó wà nínú hops, òdòdó tí ó ń fún bíà ní ìkórò rẹ̀, ìgò aláwọ̀ igi sì máa ń dáàbò bò ó ju ìgò aláwọ̀ ewé lọ. Nítorí náà ni mo fi máa ń wo ibi tí wọ́n to ọjà sí kí n tó wo iye owó rẹ̀. Ilé ìtajà kan wà ní ìlú yìí tí ó to irú ọtí wọ̀nyí sí ojú gíláàsì tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé sí, kí àwọn tí ó ń kọjá lè rí i. N kì í ra nǹkan níbẹ̀ mọ́.

Ní ti títọ́ ọ wò gan-an, Duvel ni kí ẹ fi ṣáájú, nítorí bí Chimay bá kọ́kọ́ wọ ẹnu, Duvel yóò dà bí omi. Ẹ gbé imú sí i kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nítorí bí ẹnì kan bá ti pariwo pé "ọ̀gẹ̀dẹ̀," ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo yín yóò máa gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ fi ẹ̀kán àkọ́kọ́ fọ ẹnu lásán, ẹ má dájọ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ni kí ẹ jẹ́ kí ó yí ahọ́n ká kí ẹ tó gbé e mì, kí ẹ sì mí èémí jáde láti imú lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni kànáfùrù máa ń wà. Kí ẹ fi ìdajì Chimay sílẹ̀ nínú gíláàsì, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e, kí ẹ sì padà sí i lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ́kọ́ mu: ìhó rẹ̀ yóò ti rọlẹ̀, dàbínù àti ṣúgà jíjóná yóò sì ti bọ́ síwájú, ooru ọtí náà yóò sì máa hàn díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀nà ọ̀fun. Tèmi ni pé ìdajì kejì yìí ló tọ́ sí owó tí a fi rà á.

Ẹ̀gbọ́n Èbúté-Mẹ́ta:

Díẹ̀ lórí ẹni tí ó pọn ọ́n, nítorí pé ẹnì kan nínú yín yóò béèrè. Àwọn mọ́ńkì Trappist, ẹgbẹ́ mọ́ńkì kan nínú ìjọ Kátólíìkì, ní ilé Scourmont ni wọ́n ni Chimay. Òfin àmì Trappist ni pé kí wọ́n pọn ọtí náà ní àyíká ilé mọ́ńkì, lábẹ́ àbójútó wọn, kí èrè rẹ̀ sì lọ sí ìtọ́jú ilé àti iṣẹ́ àánú. Duvel kì í ṣe tiwọn. Ilé-iṣẹ́ Moortgat ní Breendonk ni ó ń pọn ọ́n. Bí ẹ bá rí àwòrán ilé mọ́ńkì lára Leffe, bíà Bẹ́ljíọ̀m mìíràn, ẹ má rò pé mọ́ńkì ń pọn ọ́n: AB InBev, ilé-iṣẹ́ bíà ńlá kan, ni ó ni ín, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Leuven, àwọn kan náà tí ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ń pọn Trophy fún wa. Ẹ rí i pé a ti ń bá àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m ná ọjà tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 2016, àjọ UNESCO kọ àṣà bíà wọn sínú ìwé ogún àṣà ọmọ aráyé. Èmi ń retí ọjọ́ tí ẹnì kan yóò bá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ gbé tirẹ̀ lọ.

Ọmọ Sùúrùlérè:

Mo ti gbé ìgò sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ó ṣókùnkùn, mo sì ti bá ìyá oníwàrà sọ̀rọ̀. Gíláàsì ni n kò ní. Tọ́ńbílà pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n oníwáìnì kò ju méjì lọ.

Ìyá Alásè Yábàá:

Ẹ rán ẹnì kan wá kó mẹ́ta lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Ẹtì. Kí ó mú páálí àti ìwé ìròyìn dání láti fi wé wọn, kí ẹ sì fọ̀ wọ́n bí mo ti wí kí ẹ tó dá wọn padà.